Okùn Ọdún Àlàó Ahunṣọ

Ní yàrá bàbá àgbà mi, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, okùn kan wà tí ó nà láti orí ìṣó kan dé orí èkejì. Ìdì òwú kéékèèké mẹ́fà ló wà lára rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n kú. Kì í ṣe oògùn, bí ìyàwó àbúrò bàbá mi ṣe rò tí kò fi jẹ́ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà rí. Ìdì kọ̀ọ̀kan jẹ́ aṣọ kan tí Bàbá Àgbà ti ṣèlérí pé àwọn yóò hun fún ẹnì kan kí ọdún tó yí. Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi so ó, ọwọ́ wọn náà ni wọ́n fi ń tú u, ní ọjọ́ tí aṣọ bá dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Òfin yàrá náà nìyẹn: ẹni tó so ó ni í tú u.

Nígbà tí a sin wọ́n tán, bàbá mi ní kí n tú àwọn ìdì náà, kí n sì ránṣẹ́ sí àwọn tó ní kí a hun aṣọ fún àwọn pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò sọ̀rọ̀ burúkú. Òkú kì í hunṣọ. Mo dúró níwájú okùn náà títí, ọwọ́ mi kò gbé e. Ìdí kìíní ni pé èmi kọ́ ni mo so ó. Ìdí kejì ni ó ń jẹ mí lọ́kàn jù: mo mọ ẹni tó ni márùn-ún nínú ìdì mẹ́fà náà, n kò mọ ẹni tó ni ẹ̀kẹfà. Bàbá Àgbà fẹ́ sọ ọ́ fún mi. Èmi ni n kò dúró gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, kí ẹ tó dá mi lẹ́bi.

Àlàó ni oríkì wọn, Àlàó Ahunṣọ sì ni gbogbo Ifangni ń pè wọ́n. Agbẹ̀bí ni mí ní ilé ìwòsàn. Mo ní ìwé ẹ̀rí, mo ní aṣọ funfun, àwọn aboyún ń pè mí ní Màdáàmù. Síbẹ̀, bí mo bá dé abúlé kan tí wọn kò dá mi mọ̀, tí àwọn àgbà ń wò mí bí àlejò, n kì í dárúkọ ìwé ẹ̀rí. Mo kàn ń sọ pé ọmọ-ọmọ Àlàó Ahunṣọ ni mí. Wọ́n á gbé àga fún mi. Mo gbádùn àga yẹn púpọ̀, n kò ní purọ́.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, olùkọ́ kan tó wá gba aṣọ sọ fún wọn pé òun ti lọ sí retraite. Bàbá Àgbà bi í pé kí ni ìyẹn. Ó ṣàlàyé pé ìfẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà wù wọ́n gan-an, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba obì. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé àwọn náà ti lọ sí retraite, pé àwọn kò ní hun ju aṣọ mẹ́ta lọ lọ́dún mọ́. Ọdún tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, méje ni wọ́n hun. Ọdún tó tẹ̀ lé e, mẹ́jọ. Bí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, tí ètè wa ń là, wọ́n á tún kéde retraite náà nígbà tí a bá ń jẹ àkàsà lówùúrọ̀, wọ́n á sì wọ yàrá lọ bẹ̀rẹ̀ sí í so òwú mọ́ okùn. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé retraite yìí, ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ àbí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní, "Ó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Àyè láti lọ ni n kò tíì rí."

Títo ọdún sórí okùn gba odindi ọjọ́ kan. Wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á da gbogbo òwú sílẹ̀, wọ́n á pè mí kí n wá jókòó. Àwọ̀ tí ẹnì kan bá fẹ́ ni wọ́n ń gé díẹ̀ nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń so ìdì tirẹ̀. Ẹni tó máa kọ́kọ́ lo aṣọ ló ń wà nítòsí ilẹ̀kùn: ìgbéyàwó tó wà ṣáájú Ọjọ́ Àjíǹde, oyè jíjẹ ní Daagbé, ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àlàfo tó wà láàárín ìdì kan sí èkejì kì í ṣe àlàfo lásán. Èyí tó gùn jù ni ti ìgbà òjò, nítorí ìta gbangba ni òwú òfì ń nà sí, òjò kì í sì í bẹ̀ ẹ́. Òmíràn wà fún ìgbà tí wọ́n ń lọ kó ẹyìn nínú oko ọ̀pẹ wọn ní Tchaada. Bí wọ́n bá ti so tán, wọ́n á rìn láti ìdí ìṣó kìíní dé ìdí èkejì, wọ́n á máa fọwọ́ tọ́ ìdì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa dárúkọ ẹni tó ni ín fún mi. Èmi á tún un sọ lẹ́yìn wọn. Bí mo bá ṣì í, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ilẹ̀kùn.

Mo gbìyànjú láti là wọ́n lójú. Ọdọọdún ni wọ́n ń fún wa ní kàlẹ́ńdà ńlá níbi iṣẹ́, mo sì gbé ọ̀kan wá, mo fi ìkọ̀wé pupa yí àwọn ọjọ́ tí wọ́n nílò ká. Wọ́n yìn ín. Wọ́n ní bébà náà nípọn, ó dára. Nígbà tí mo máa fi padà dé lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ti gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n ti ká òwú mọ́ gbogbo rẹ̀, oṣù kan fún pupa, oṣù kan fún funfun. Inú bí mi. Mo ní Bàbá, ọjọ́ ló wà níbẹ̀ yẹn. Wọ́n ní, "Ọjọ́ tó wà lórí bébà kò mọ̀ bóyá òjò máa rọ̀."

Fún ẹni tí kò bá mọ òfì àwọn ọkùnrin, mo ní láti sọ díẹ̀. Ahunṣọ á jókòó lábẹ́ àtíbàbà, òwú tó fẹ́ hun á nà gbọọrọ jáde níwájú rẹ̀, títí dé ìkángun àgbàlá. Ní ìkángun yẹn, a so òwú mọ́ pákó kan, a sì gbé òkúta lé pákó náà kí òwú lè le. Bí ahunṣọ bá ṣe ń hun, tí ó ń ká aṣọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni pákó àti òkúta ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ojú kì í rí i bí ó ṣe ń rìn. Èèyàn á lọ sí ọjà, á dé, á bá a pé òkúta ti kúrò nídìí igi ọsàn, ó ti dé ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi. Ọjọ́ tí òkúta bá dé iwájú ahunṣọ, òwú ti tán, iṣẹ́ ti parí.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá kí Bàbá Àgbà, tí ẹ béèrè ara, tí ẹ béèrè iṣẹ́, ìdáhùn kan náà ni ẹ máa gbọ́. Akọ̀wé kan gun alùpùpù wá láti ọ́fíìsì, ó fẹ́ aṣọ lọ́jọ́ mẹ́jọ, ó ń wo fóònù rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Bàbá Àgbà fi àgbọ̀n tọ́ka sí ìkángun àgbàlá, wọ́n ní kó lọ bẹ òkúta yẹn, pé bí òkúta bá gbà láti sáré, àwọn náà á sáré. Nígbà tí ìyá àgbà mi kú, tí ilé kún fún àwọn tó wá kí wa kú ará fẹ́ra kù, wọ́n bi Bàbá Àgbà pé báwo ni wọ́n ṣe máa ṣe é báyìí. Wọ́n gbójú sókè díẹ̀. Wọ́n ní, "Òkúta ń bọ̀."

Mo mọ àléébù wọn pẹ̀lú. Wọ́n gbéra ga nípa iṣẹ́ ọwọ́ wọn, kò sì sí ẹni tó lè bá wọn wí. Bí èèyàn bá dúró lókèèrè tó ń yin aṣọ wọn, wọ́n á ní kó sún mọ́ ọn. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń wá, kì í ṣe nítorí ìrẹ̀lẹ̀, kí wọ́n lè rí ẹ̀yìn gbogbo ènìyàn ni, kí wọ́n mọ ẹni tó wọ iṣẹ́ wọn. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, a di ojú, à ń gbàdúrà, Bàbá Àgbà na ọwọ́ síwájú, wọ́n sì fa ìró obìnrin kan tó dúró níwájú wọn. Ẹ̀rù ba obìnrin náà débi pé ó ké. Aṣọ tí wọ́n hun fún ìyá rẹ̀ láyé àtijọ́ ni, òwú kan sì ti ń tú létí rẹ̀. Wọ́n ní kó gbé e wá lọ́la. Ojú ti ìyá àgbà mi fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá Àgbà kò bẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "Ọlọ́run ti rí òwú yẹn kí n tó rí i. Mo kàn bá a sọ ọ́ ni."

Ohun kan wà tí n kò tètè dárí rẹ̀ jì wọ́n. Nínú iṣẹ́ tiwọn, obìnrin kì í jókòó sí òfì ọkùnrin. N kò mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo gun ìjókòó wọn lọ, tí mo na ẹsẹ̀ tí kò tó ilẹ̀. Wọn kò nà mí. Wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì fi aṣọ nu ìjókòó náà. Nínù tí wọ́n nù ún yẹn ló dùn mí. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní, "Bí a ṣe bá a nìyẹn." Láti ọjọ́ náà, òwú nìkan ni mo ń bá wọn yà sọ́tọ̀, pupa sọ́dọ̀ pupa, funfun sọ́dọ̀ funfun, mo sì dàgbà, mo lọ kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí, mo gbàgbé ọ̀rọ̀ ìjókòó. Mo rò pé mo gbàgbé rẹ̀ ni.

Báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Lagbé, nítorí ẹni tí kò bá gbọ́ ti Lagbé kò mọ Àlàó.

Ní Lagbé ni ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́ gbé. Àwọn méjì ló kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, Bàbá Àgbà àti ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń jẹ́ Àkànní, ẹni tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Lagbé. Wọ́n jọ jẹun, wọ́n jọ gba kùmọ̀ ọ̀gá. Nígbà tí ọ̀gá kú lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, ó ku òkúta rẹ̀ nílẹ̀, òkúta pẹlẹbẹ dúdú kan tó ti lò láti kékeré. Àkànní gbà pé òun tí òun kò kúrò ní Lagbé ló ni ín. Bàbá Àgbà gbà pé àwọn tí àwọn ṣáájú dé ẹnu iṣẹ́ ló ni ín, wọn kò sì dúró kí ẹnikẹ́ni parí ẹjọ́. Wọ́n dì í mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n gbé e wá sí Ifangni. Ọdún mọ́kànlá ni àwọn méjèèjì kò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Bí a bá dárúkọ Lagbé nílé, Bàbá Àgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́.

Ní èṣí ni olùkọ́ kan ní Daagbé ní kí wọ́n hun aṣọ ìgbéyàwó ọmọ òun. Aró àti funfun ló fẹ́, kò sí àwọ̀ mìíràn. Bàbá Àgbà hun ún, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rìnlá, aránṣọ rán wọn pọ̀, aṣọ gbòòrò dáadáa. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ sí ìgbéyàwó. Mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo bá aṣọ náà lórí ẹní nínú oòrùn. Mo wò ó, ó wù mí. Mo fẹ́ yìn wọ́n. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣeun o. Òwú dúdú tí ẹ fà sáàárín aró yìí, ó gbé e yọ."

Wọ́n ní, "Dúdú wo?"

Mo fi ìka tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ba. Wọ́n gbé aṣọ sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà. Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí mo ti sọ. Tipẹ́ ni mo ti ń rí i pé wọ́n ń gbé òwú jáde sínú oòrùn kí wọ́n tó lò ó, mo ti bẹ̀ wọ́n kí n mú wọn lọ wo ojú ní Àjàṣẹ́, wọ́n sì ti ní ojú àwọn mọ ọ̀nà. Wọ́n ti ṣi òwú dúdú mú, wọ́n pè é ní aró. Bí òwú bá sì ti ṣì láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí bí a ṣe lè yọ ọ́: láti ìdí òkúta ló ti ń bọ̀, yóò bá aṣọ dé òpin, nínú ọ̀já mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá.

Olùkọ́ náà dé lọ́jọ́ kejì. Bàbá Àgbà kò jẹ́ kó jókòó kí wọ́n tó fi hàn án. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ dára jù, bon, ta ló máa mọ̀? Èmi náà bá a bẹ̀bẹ̀. Mo ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò ní rí i. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Wọ́n ní, "Aṣọ yìí máa pẹ́ láyé jù mí lọ. N kò fẹ́ kó máa bá mi purọ́ lẹ́yìn mi."

Òfì kan kò lè hun ọ̀já mẹ́rìnlá láàárín ọjọ́ méje. Méjì lè hun ún, bí ẹni tó jókòó sí èkejì bá mọ ọwọ́ Bàbá Àgbà bí ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa nílé mọ orúkọ rẹ̀, kò sí ẹni tó pè é. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo bá Bàbá Àgbà tí wọ́n ń ti òkúta ọ̀gá wọn bọ inú àpò. Wọ́n ní kí n pe alùpùpù sẹ́míjàn méjì. Wọ́n gun ọ̀kan, wọ́n gbé òkúta lé itan, ẹni tó ń wà wọ́n ń ráhùn pé táyà òun á fọ́. Èmi gbé aṣọ tẹ̀ lé wọn lórí èkejì. Láti Ifangni títí dé Lagbé, wọn kò wo ọ̀tún, wọn kò wo òsì.

Bàbá Lagbé wà lórí òfì wọn nígbà tí a dé. Wọn kò dìde. Bàbá Àgbà gbé àpò sílẹ̀ níwájú wọn.

"Àkànní, òkúta ọ̀gá nìyí."

Bàbá Lagbé wo àpò náà, wọ́n wo Bàbá Àgbà. "Ọdún mọ́kànlá, Àlàó. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lónìí?"

"Mo ṣe àṣìṣe."

Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn rí. Bàbá Lagbé náà kò retí rẹ̀, nítorí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí òfì. Mo tẹ́ aṣọ sínú oòrùn. Bàbá Lagbé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ rà á, wọ́n yí lọ sí apá kejì, wọ́n yí padà. Ó pẹ́. Mo rò pé wọ́n ń gbádùn àṣìṣe náà ni, wọ́n ti dúró dè é fún ọdún mọ́kànlá. Nígbà tó yá, wọ́n gbójú sókè.

"Ibo ló wà?"

"Èmi náà kò rí i," ni Bàbá Àgbà wí. "Ọmọ yìí ló rí i."

Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gba Bàbá Lagbé, ó gba Bàbá Àgbà, àwọn àgbà méjì náà sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú, tí omi ń dà lójú wọn. Bàbá Lagbé ní ọ̀gá ì bá wà láyé, ì bá na àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n nu ojú tán, Bàbá Lagbé fi ẹsẹ̀ ti àpò náà padà sọ́dọ̀ Bàbá Àgbà. Wọ́n ní kí Bàbá Àgbà gbé òkúta wọn lọ, pé àwọn ti wá òkúta mìíràn, ó sì ti mọ́ àwọn lára. Bẹ́ẹ̀ ni ìjà náà ṣe tán, Bàbá Lagbé sì bá wa padà sí Ifangni láti jókòó sí òfì kejì.

Ó wá ku ojú. Èmi ni ojú. Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo sì ń yà aró kúrò lára dúdú fún wọn, òwú kan lẹ́yìn òwú kan. Inú àtíbàbà ṣókùnkùn díẹ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára jù sì ni ìjókòó òfì Bàbá Àgbà. Bàbá Lagbé ní kí n lọ jókòó síbẹ̀. N kò mira. Mo ń wo Bàbá Àgbà. Wọ́n fi aṣọ nu ìjókòó náà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kí n tó jókòó ni. Wọ́n ní, "Jókòó, Àbẹ̀kẹ́. A ti di arúgbó, àṣà náà á fojú fò ó."

Aṣọ náà pé. Ó ku ọjọ́ kan sí ìgbéyàwó nígbà tí aránṣọ rán an tán, a sì gbé e lọ sí Daagbé. Ìyàwó wọ̀ ọ́, ó ń tàn. Àwọn àgbà méjèèjì jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá. Mo fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé bàbá àgbà mi ni ọ̀kan nínú wọn. Aṣọ tó ní òwú dúdú ńkọ́? Bàbá Àgbà ń fi bora. Òun ló wà lára wọn ní òwúrọ̀ tí wọ́n jí kẹ́yìn.

Ọyẹ́ tó kọjá yìí, ìdì mẹ́jọ ni wọ́n so. Wọ́n ní okùn ti kún, kò sí ẹni tí àwọn máa gbà mọ́, retraite ni. Wọ́n hun mẹ́ta, wọ́n tú mẹ́ta. Ó yẹ kó ku márùn-ún. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń sáré jáde nítorí aboyún kan tó ń rọbí, Bàbá Àgbà pè mí wá síbi ilẹ̀kùn. Wọ́n fẹ́ fi ìdì tuntun kan hàn mí, èyí tí wọ́n so lálẹ́ àná, pupa àti funfun. Ẹnì kan ti wá nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́." Wọ́n ní ó dáa. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n sinmi díẹ̀ nídìí òfì, wọ́n fẹ̀yìn ti òpó àtíbàbà, wọn kò sì jí mọ́. Òjò àkọ́kọ́ kò tíì rọ̀.

Aboyún náà bí ọkùnrin. N kò lè sọ pé kò yẹ kí n lọ. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mélòó ni orúkọ kan máa gbà mí?

Bàbá Lagbé wá lọ́jọ́ kẹjọ. Bàbá mi rò pé wọ́n wá gba òkúta ni, ó sì ti ní kí a gbé e jáde. Wọn kò wò ó. Wọ́n ní kí n mú àwọn lọ síbi okùn. Mo dárúkọ àwọn tó ni ìdì márùn-ún fún wọn láti ìdí ilẹ̀kùn, bí Bàbá Àgbà ṣe kọ́ mi. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀kẹfà, mo sunkún. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá mi tún ní kí a kúkú tú wọn.

Bàbá Lagbé ní kò sí ẹni tó máa tú ohun tí Àlàó so. Wọ́n fa òwú yọ nínú agbọ̀n, wọ́n so ìdì tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bàbá Àgbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi pé márùn-ún. Tiwọn ni wọ́n máa tú bí aṣọ bá tán. Ti Àlàó á máa wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na òwú pupa àti funfun sí mi.

"Márùn-ún tí o mọ̀, èmi á hun wọ́n," ni wọ́n wí. "Èyí tí o kò dúró gbọ́, ìwọ lo máa hun ún."

Mo so ìdì tèmi.

Ọjọ́ tí n kò bá sí níbi iṣẹ́, Bàbá Lagbé ń gun sẹ́míjàn wá kọ́ mi. N kò mọ̀ ọ́n hun, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. Wọ́n ti ní kí n tú ọ̀já àkọ́kọ́ ní ìgbà mẹ́ta. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Àwọn tó ń kọjá lọ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wo obìnrin tó jókòó sí òfì Àlàó, àwọn kan ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo jẹ́ kí wọ́n wò. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kò sí ẹni tó wá béèrè aṣọ pupa àti funfun.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni ẹni tó ni ín tó wá. Obìnrin kan láti Tchaada, àgbẹ̀ ni, ó ṣì ní erùpẹ̀ oko lẹ́sẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun gbọ́ pé Bàbá ti lọ, òun kàn wá kí wa ni, òun kò wá da ilé ọ̀fọ̀ láàmú. Mo bi í pé ṣé ó mọ Bàbá ni. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun rí wọn. Òun kò ní aṣọ òfì rí láyé òun, òun sì wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n hun ọ̀kan fún òun, pupa àti funfun, tí òun máa wọ̀ lọ sí ìkórè. Òun rí i pé ó ti rẹ̀ wọ́n, òun sì ní kó di ọdún tó ń bọ̀.

"Wọ́n ní rárá," ó ní. "Wọ́n ní ọdún tó ń bọ̀, àwọn ti lọ sí retraite."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo mú un wọ àgbàlá. Ó rí òwú pupa àti funfun tó nà gbọọrọ nínú oòrùn, ó rí òkúta dúdú náà nídìí igi ọsàn. Ó bo ẹnu. Ó wò mí, ó wo òfì, ó sì rọra béèrè ìgbà tó máa tán.

Mo jókòó sí àyè mi. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Òkúta ń bọ̀."